Ìrọ̀rí Aláròyé

Bí ìbò bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọrùn a máa dun àwọn ará àdúgbò kan. Ẹ má bi mí pé kí ló kan ọrùn nínú ọ̀rọ̀ ìbò. Ẹni tí kò rí oorun sùn yóò máa yí ìrọ̀rí síwá sẹ́yìn, yóò ká a po, yóò nà án, yóò gbé e sábẹ́ àyà, nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, yóò di gbogbo ẹ̀bi náà ru ìrọ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń wọ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù Bàbá Onírọ̀rí ní ọdún tí à ń sọ yìí, olúkúlùkù pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀ lábẹ́ abíyá, tí wọ́n ń wí pé, "Bàbá, ẹ bá mi wo nǹkan yìí, ó ti le jù." Bàbá á fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, á rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ìrọ̀rí kọ́ ló le," ni yóò wí, "ìlú ló le." Síbẹ̀, á gbà á lọ́wọ́ wọn.

Ọkùnrin jẹ́jẹ́ ni. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ilẹ̀kùn rẹ̀ kọjú sí títì, ọ̀nà tóóró kan sì ti ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù náà lọ sí àwọn yàrá tó kù. Nígbà tí fóòmù dé, tí gbogbo ayé ń sáré ra fóòmù, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó òwú wọn nílẹ̀, wọ́n lọ wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Òun kò lọ. Ó ní fóòmù kò mọ èèyàn. Bó ti wù kí o pẹ́ lórí rẹ̀ tó, bí o bá dìde, á gbàgbé rẹ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n òwú a máa rántí. Òwú tí a kò bá tú, ibi tí orí máa ń wà lára rẹ̀ á di kòtò kékeré, kòtò náà á sì máa retí orí kan náà yẹn lálaalẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi ní láti tú ojú rírán ìrọ̀rí, ká fa òwú inú rẹ̀ jáde, ká tẹ́ ẹ sóòrùn, ká fi ọwọ́ ya á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ká fi ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ nà án títí yóò fi gbàgbé ohun gbogbo, ká tó kì í padà. Àwọn oníbàárà a máa ṣeré pé, "Bàbá, ẹ nà án dáadáa o, kó lè gbàgbé ìjọba yìí."

Lókè ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù náà, pátákó kan wà tí ọmọ rẹ̀ fi ọ̀dà kọ nígbà tó ṣì wà nílé-ìwé: ORÍ ỌMỌ KÒ NÍ WỌ́. Kò sẹ́ni tó ń kọjá tí kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín lọ, àwọn kan á yà wá ra ìrọ̀rí.

Ọmọ tó kọ pátákó yìí, òun nìkan ni bàbá rẹ̀ bí. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tó ṣì ń rákò, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Màmá Àgbà, ló kó wá sílé náà láti tọ́ ọ. Àárín òwú ló ti kọ́ ìrìn, àárín òwú náà ló ti kọ́ ọ̀rọ̀, nígbà tó sì ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, kò dákẹ́ mọ́. Kí ló dé tí òwú fi funfun? Ta ló sọ fún abẹ́rẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni kó ní? Bàbá rẹ̀ sọ ọ́ ní Aláròyé, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára. Nígbà tó dàgbà, ó rí iṣẹ́ tó bá ẹnu rẹ̀ mu: ó di sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò. Láràárọ̀, bí bàbá rẹ̀ bá ń ya òwú, ohùn ọmọ náà á máa jáde láti inú rédíò kékeré tó wà lórí pẹpẹ, á máa da ìbéèrè bo àwọn ọ̀gá ìjọba bó ṣe dà á bo bàbá rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́.

Ìbéèrè kan ló kó bá a. Wọ́n ṣí ẹ̀rọ omi tuntun níbì kan, wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù, wọ́n ya fọ́tò, omi sì tú jáde fún ìwọ̀n ìgbà tí wọ́n fi ya fọ́tò náà. Aláròyé pe ọ̀gá tó ṣí i sórí afẹ́fẹ́, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, omi àná yẹn, ibo ló gbà lọ?" Gbogbo ìlú rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà lókè kò rẹ́rìn-ín. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ti ilé rédíò náà pa, àwọn ọkùnrin kan tí kì í kí èèyàn sì wá béèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. Wọ́n fi ọ̀bẹ ya tìmùtìmù, bóyá ó sá pamọ́ sínú òwú. Aláròyé ti gba ẹ̀yìn lọ, ó ti kọjá ẹnubodè. Láti ìgbà náà, ìlú onílùú ló wà, ó ń bá wọn ta búrẹ́dì, obìnrin tó ń fi ohùn jẹun tẹ́lẹ̀.

Olórí ìlú nígbà náà ti pẹ́ lórí àga débi pé Má-dìde ni àwọn èèyàn ń pè é lẹ́yìn. Ẹni tó jáde láti bá a du ipò náà ti fi ìgbà kan rí kọ́ni ní ìṣirò, nítorí náà Olùkọ́ ni wọ́n ń pe òun. Nígbà tí ìbò kù díẹ̀, Aláròyé pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá mi, ẹ gbọ́ o. Bí Olùkọ́ bá wọlé, èmi náà á wọlé. Ó ti ṣèlérí pé gbogbo àwa tá a sá lọ la máa padà."

"Bí kò bá wọlé ńkọ́?"

"Bí kò bá wọlé, ẹ má retí mi mọ́ títí Má-dìde fi máa kú. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé irú wọn kì í tètè kú."

Láti ọjọ́ náà ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ti gba etí Bàbá Onírọ̀rí. Wọlé. Ọkọ̀ á kọjá pẹ̀lú ẹ̀rọ gbohùngbohùn lórí, wọ́n á máa pariwo pé Olùkọ́ á wọlé, òun á sì gbójú sókè wo ẹnu ọ̀nà. Òmíràn á kọjá, wọ́n á ní Má-dìde ti wọlé, ó kù kí ẹ dìbò, òun á tún wo ẹnu ọ̀nà. Oníbàárà á dúró níta, á ní, "Bàbá, ṣé kí n wọlé?" òun á sì ti dìde kó tó dáhùn. Ó wá dà bíi pé kò sí nǹkan mìíràn tí ọmọ aráyé ń ṣe ju kí wọ́n máa wọlé lọ, àfi ọmọ tirẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rù ń bà á, ká má purọ́. Ṣùgbọ́n ìrètí ló ń dẹ́rù bà á jù. Ó ti fara mọ́ àìsí ọmọ náà díẹ̀díẹ̀ bí èèyàn ṣe ń fara mọ́ ẹsẹ̀ tó ń dunni, ó ti mọ bí òun ṣe lè máa tiro. Àfi bí wọ́n ṣe wá ní kó dìde sáré.

Yàrá Aláròyé ló wà ní ìparí ọ̀nà tóóró náà. Màmá Àgbà ń gbá a, ó ń nu fèrèsé rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìrọ̀rí. Ìrọ̀rí ọ̀hún wà lórí bẹ́ẹ̀dì bí Aláròyé ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó lọ, kòtò orí rẹ̀ sì wà láàárín. Ọkùnrin tó ń tú ìrọ̀rí gbogbo ìlú kọ̀ láti tú èyí.

"Ọmọ ń sọ pé ọrùn ń dun òun níbẹ̀," Màmá Àgbà sọ fún un lọ́sàn-án ọjọ́ kan. "Ó ní ẹ̀wù òtútù lòun ń ká sábẹ́ orí. Ọmọ onírọ̀rí! Ṣé ojú ò tì ẹ́ ni? Tú nǹkan yẹn, tún un ṣe, ká wá ẹni tó ń lọ, ká fi rán an."

"Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò ní fi rán ẹnì kankan."

"Kí ló dé?"

"Ẹni tó ń bọ̀ nílé, ṣé a máa ń fi ẹrù rẹ̀ pàdé ẹ̀ lọ́nà ni? Tí mo bá fi ránṣẹ́ báyìí, mo ti gbà pé kò wọlé mọ́ nìyẹn."

Màmá Àgbà pòṣé. "O wá jókòó, ò ń tọ́jú kòtò orí, o fi orí fúnra ẹ̀ sílẹ̀ níta."

Ó fa òwú mìíràn sọ́dọ̀, ó ń ya á. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni.

Ẹni kejì tó ń fín in níràn ni Onígbàjámọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Ti Má-dìde ni Onígbàjámọ̀ ń ṣe, kò sì fi bò.

"Má-dìde ti yó," ló máa ń wí, abẹ lọ́wọ́, orí oníbàárà níwájú rẹ̀. "Ẹni tó ti yó, ìwọ̀nba ló lè jẹ mọ́. Olùkọ́ yín yẹn, ebi ń pa á. Ẹ fẹ́ gbé elébi tuntun ka iwájú ìkòkò."

"Ẹni tó ti yó tí kò kúrò nídìí ìkòkò," Bàbá Onírọ̀rí á dá a lóhùn láti òdìkejì, "kí ló ń ṣe níbẹ̀? Ṣé ó ń ka ẹran ni?"

Gbogbo títì á bú sẹ́rìn-ín, oníbàárà tó wà lábẹ́ abẹ á sì máa bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n rántí etí òun. Àmọ́ nígbà tí ìbò ku ọ̀la, Onígbàjámọ̀ sọdá wá, ó jókòó sórí àpò òwú, kò ṣàwàdà rárá.

"Ọmọ rẹ, ọmọ mi ni," ó ní. "Èmi ni mo kọ́kọ́ gé irun orí ẹ̀. Mo fẹ́ kó wọlé. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí Olùkọ́ wọlé."

"Ẹnu ọ̀nà kan náà làwọn méjèèjì fẹ́ gbà."

Onígbàjámọ̀ mi orí, ó gbọn òwú kúrò lára ṣòkòtò rẹ̀, ó sì padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Ogún ọdún ń bọ̀ wá ku ọ̀la, ọjọ́ ìbò pé. Ìlà gùn láti ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé yí gbogbo ọgbà ká, àwọn èèyàn sì ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bíi pé aláìsàn kan wà nínú ilé. Nígbà tó kan Bàbá Onírọ̀rí, ó mú ìwé ìdìbò lọ sẹ́yìn aṣọ ìkélé, ó wo àwòrán Olùkọ́ pẹ́, ó sì bá a sọ̀rọ̀. "Jọ̀ọ́," ó ní. "Wọlé." Ó tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ yíǹkì, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, ó ká a, ó jù ú sínú àpótí. Yíǹkì náà kò ṣeé fọ̀. Nígbà tó délé, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, gbogbo òwú tó fọwọ́ kàn ló gba àmì aró díẹ̀. Ó lọ sí yàrá ìparí, ó dúró síwájú ìrọ̀rí náà, ó sì fi ọwọ́ sẹ́yìn kí ó má baà bà á jẹ́.

Ó wá ku kíkà, kíkà náà kò sì tètè parí. Àwọn ọjọ́ yẹn kò jọ ọjọ́ tòótọ́. Títì dákẹ́ bí ilé tí ọmọdé ti ń sùn. Èèyàn á jáde sẹ́nu ọ̀nà, á wo òkè, á wo ìsàlẹ̀, á padà wọlé láìsọ ohun tó ń wá. Onígbàjámọ̀ gé irun ọkùnrin kan dé àárín, ó gbàgbé ìyókù, ọkùnrin náà sì dìde lọ láìmọ̀. Rédíò ń ka nọ́ńbà láti ojúlé dé ojúlé. Ẹni tó wà níwájú láàárọ̀ á ti wà lẹ́yìn lọ́sàn-án, kò sì sẹ́ni tó lè jẹun parí láìdìde.

Bàbá Onírọ̀rí tẹ́ òwú sílẹ̀, ó jókòó tì í, ó ń ya á. Oòrùn gba ojú ilẹ̀kùn wọlé, eruku òwú ń léfòó nínú ìmọ́lẹ̀ náà, kò jábọ́, kò sì gòkè. Ó ń wò ó títí ojú rẹ̀ fi ń ṣe bàìbàì, kò sì mọ ìgbà tó fi ẹ̀yìn lélẹ̀ sórí òwú. Nínú oorun ọ̀sán yẹn, ó rí i pé ilé òun ti gùn ju bó ṣe wà lọ. Ọ̀nà tóóró ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ń lọ, ó ń lọ, ilẹ̀kùn kún ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, àpótí ìbò sì wà lẹ́nu ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ó na ọwọ́ sínú ọ̀kan, òwú ló bá níbẹ̀. Ó na ọwọ́ sínú òmíràn, òwú ni. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ jókòó sórí àpótí kékeré kan, ó ń ka òwú náà ní fọ́nrán kọ̀ọ̀kan, ó ní, "Ẹ ní sùúrù, bàbá, ìṣirò kì í kánjú." Láti ìparí ọ̀nà náà, ohùn kan ń béèrè pé ta ló sọ fún abẹ́rẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni kó ní. Ó ń rìn lọ síbi ohùn náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dún nílẹ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn bí kò ṣe dùn mọ́ láti ìgbà tí ọmọ ti lọ.

"Bàbá Aláròyé! Bàbá Aláròyé o! Ó ti wọlé! Ó ti wọlé o!"

Ohùn Onígbàjámọ̀ ni, láti ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Onírọ̀rí fò dìde pẹ̀lú òwú lórí. Títì ń hó, àwọn èèyàn ń sáré, ṣùgbọ́n kò wo títì. Ẹni tí wọ́n fi orúkọ ọmọ rẹ̀ pè, tí wọ́n sọ fún pé ó ti wọlé, ṣé títì ló máa sá lọ ni? Inú ilé ló sá wọ̀. Ó gba ọ̀nà tóóró náà, èjìká rẹ̀ ń gbá ògiri, ó ti ilẹ̀kùn yàrá ìparí, ó sì na ọwọ́ méjèèjì.

"Káàbọ̀, ìyá mi," ó ní. "Káàbọ̀ o. O mà pẹ́ o."

Bẹ́ẹ̀dì ló kí. Ojú rẹ̀ là díẹ̀díẹ̀, ó rí fèrèsé, ó rí àga, ó rí ìrọ̀rí àti kòtò àárín rẹ̀. Nígbà tó wẹ̀yìn, Onígbàjámọ̀ ti sá tẹ̀ lé e dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ̀rín ayọ̀ ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, kò tíì mọ ibi tí yóò gbé e sí.

"Ta ló wọlé?" Bàbá Onírọ̀rí béèrè.

Onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀. "Má-dìde ni," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi, mi ò rò ó. Ayọ̀ ló sún mi. Mi ò rò ó rárá."

Bàbá Onírọ̀rí jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó sì sunkún bí ọmọdé. Kì í ṣe nítorí Olùkọ́. Nítorí ìkíni tó ti tọ́jú láti ọjọ́ yìí wá ni, tó wá fi kí yàrá òfìfo. Onígbàjámọ̀ kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa òwú kúrò ní orí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó ṣe máa ń ṣa irun kúrò lọ́rùn oníbàárà. Níta, wọ́n ń kọrin Má-dìde.

Aláròyé pè ní ìrọ̀lẹ́.

"Bàbá mi, ẹ ti gbọ́?"

"Mo ti gbọ́."

"Kò wọlé."

"Kò wọlé," bàbá rẹ̀ ní.

Lẹ́yìn ìyẹn, Aláròyé kò rí nǹkan sọ. Bàbá rẹ̀ gbé fóònù mọ́ etí, ó ń gbọ́ bó ṣe ń mí, ó sì ń dúró de ìbéèrè kan, ìbéèrè yòówù. Kò sí. Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló dẹ́rù bà á ju ìbò lọ.

"Ọrùn rẹ ńkọ́?" ó béèrè níkẹyìn.

"Ó ń dùn mí, bàbá mi."

"Mo gbọ́," ó ní.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá Àgbà bá a ní ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ìrọ̀rí náà lórí itan. Ó ti fi abẹ́rẹ́ tú ojú rírán rẹ̀. Ó fa òwú náà jáde, ó tẹ́ ẹ sóòrùn iwájú ilé, ó ń ya á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ìgbà tó fẹ́ nà án, ọwọ́ rẹ̀ gbé ọ̀pá sókè, kò sọ̀ kalẹ̀. Màmá Àgbà kò pòṣé lọ́jọ́ náà. Ó kàn jókòó tì í, ó ń ki òwú ìránṣọ bọ ojú abẹ́rẹ́, títí ọ̀pá náà fi sọ̀ kalẹ̀. Ó nà án, ó nà án, kòtò náà gbàgbé ara rẹ̀, òwú náà sì wú funfun bí ọjọ́ tí wọ́n rà á. Ó kì í sínú aṣọ tuntun, ó rán ẹnu rẹ̀. Yíǹkì ìbò kò tíì tán lára àtàǹpàkò rẹ̀, ó gba igun ìrọ̀rí náà, ó fi àmì sílẹ̀. Ó wò ó, kò nu ún.

"Mo ti ń wá ẹni tó máa gbé e lọ láti àná," Màmá Àgbà ní. "Ìyàwó awakọ̀ yẹn sọ pé..."

"Ẹ má wá ẹnì kankan mọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Ọkùnrin yìí kò sun ibòmíràn rí ju ilé rẹ̀ lọ. Bí ó bá lọ bá wọn ṣòkú ní ìlú kejì, á rí i pé òun padà kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ní orí òun kò mọ ìrọ̀rí àjèjì. Ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé ìrọ̀rí sí abíyá bí àwọn oníbàárà rẹ̀ ṣe máa ń gbé e, ó sì gba ọ̀nà ibùdókọ̀ lọ.

Lọ́sàn-án, Onígbàjámọ̀ sọdá wá. Kò ní abẹ lọ́wọ́, ó dúró sábẹ́ pátákó, ó yọjú wo inú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Àgbà ló bá lórí àpótí ìjókòó, tó ń rán ìrọ̀rí oníbàárà kan tó kù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá Àgbà. Bàbá Aláròyé ńkọ́?"

"Ó ti jáde."

Àwàdà ti mọ́ Onígbàjámọ̀ lẹ́nu, ó yọ kó tó lè dá a dúró. "Ó ti jáde? Ipò wo ló jáde fún?"

Màmá Àgbà fa abẹ́rẹ́ náà yọ, ó fi eyín gé òwú rẹ̀.

"Ipò bàbá ni," ó ní. "Ó ti wọlé kó tó kúrò nílé."